Ẹ̀jẹ̀ Asibi

Ojú ni àwọn baba wa fi mọ àìsàn yìí, ojú náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ: ibà pọ́njú. Àwọn mìíràn á fi ìtọ̀ kún un, wọ́n á ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ibà á kọ́kọ́ mú ènìyàn, orí á máa fọ́ ọ, ẹ̀yìn á máa ro ó. Tó bá di bí ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, á dà bíi pé ó ti ń fúyẹ́, ọ̀pọ̀ ló sì ń ti ibẹ̀ gbádùn. Àwọn tí kò bá bọ́, ara wọn á tún gbóná padà, ẹyinjú wọn á pọ́n bí èso ìyeyè, ẹ̀jẹ̀ á máa yọ ní erìgì wọn, èébì wọn á dúdú bí omi èédú. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó bá dé orí èyí ni kì í yè é.

Orúkọ tó dára ni, ó kàn jẹ́ pé àìsàn tó ń sọ ojú di pípọ́n pọ̀. Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ń ṣe é. Òmíràn tún wà tí àwọn dókítà ń pè ní àìsàn Weil. Inú ìtọ̀ eku ni ènìyàn ti ń kó o, òun náà ń pọ́n ojú, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ wá, ó sì ń pani. Ẹ fi ti eku yìí sọ́kàn, ẹ̀yin òǹkàwé mi, nítorí òun ló ṣi ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó lókìkí jù láyé ìgbà kan lọ́nà, Yábàá nílùú Èkó sì ni wọ́n ti tú ọ̀rọ̀ náà wò.

Ká tó dé Yábàá, ẹ jẹ́ ká ya Kúbà. Ní Havana lọ́dún 1881, dókítà ọmọ Kúbà kan, Carlos Finlay, sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà pọ́njú láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Wọn ò gbà á gbọ́. Ó ń wí, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, títí tó fi di 1900 tí àwọn dókítà ológun Amẹ́ríkà, tí Walter Reed ṣáájú wọn, lọ bá a. Finlay kó ẹyin ẹ̀fọn fún wọn, wọ́n sìn ín, wọ́n dán an wò lára ènìyàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ṣẹ. Ọ̀kan nínú wọn, Jesse Lazear, bá ìdánwò náà lọ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Reed àti James Carroll gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n sẹ́ ẹ nínú asẹ́ kan tí ihò rẹ̀ kéré débi pé bakitéríà kankan ò lè gba ibẹ̀ kọjá. Omi tó sẹ́ jáde yẹn, nígbà tí wọ́n gún un fún ẹlòmíràn, ibà ló dá. Ohun tó ń fa àìsàn náà kéré ju ohun tí awò lè fi han ojú lọ. Fáírọ́ọ̀sì là ń pe irú wọn lónìí.

Ẹ̀fọn tí à ń sọ yìí, Aedes aegypti, kì í ṣe èyí tó ń fún wa ní ibà lásán. Dúdú ni, ìlà funfun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọ̀sán ló sì ń jẹni, nítorí náà nẹ́ẹ̀tì tí a ta sórí ibùsùn ò fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́. Kò bìkítà fún irà. Omi tó tòrò nínú ilé ni tirẹ̀: àmù, ìkòkò, garawa, agolo tí a dà nù tí òjò rọ̀ sí. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti wá. Àwọn onímọ̀ gbà pé inú àgbá omi ọkọ̀ ẹrú ni ó wà dé òdìkejì òkun, òun àti ibà tó gbé sára. Irú ọkọ̀ tó kó àwọn ènìyàn wa dé Kúbà àti Bahia ló kó òun náà dé ibẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀, àmọ́ kò parí. Ní 1918, Àjọ Rockefeller ti New York rán Hideyo Noguchi lọ sí Guayaquil, ní ilẹ̀ Ecuador. Ọmọ Japan ni Noguchi. Inú ìdílé àgbẹ̀ tí kò ní lọ́wọ́ ni wọ́n bí i sí ní 1876. Kékeré ló wà tó ṣubú sínú iná àárò, ọwọ́ òsì rẹ̀ jó, ó sì rọ. Pẹ̀lú ọwọ́ kan ààbọ̀ yẹn náà ló fi di ọ̀gá nídìí awò; ní 1913 ló rí kòkòrò tó ń fa àtọ̀sí rẹ́kórẹ́kó nínú ọpọlọ àwọn tí àìsàn náà ti sọ di wèrè. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò já a nírọ́? Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó dé Guayaquil, ó ní òun ti rí ohun tó ń fa ibà pọ́njú. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Kòkòrò tó rí wínníwínní bí okùn tó lọ́ ni, tí awò ń fi hàn kedere, ó sì sọ ọ́ ní Leptospira icteroides. Wọ́n ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára láti ara rẹ̀, wọ́n sì ń fún àwọn ènìyàn.

Ní tèmi, n kò bá Noguchi wí lórí ohun tó rí. Ó rí i lóòótọ́. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé, lára àwọn tí ojú wọn pọ́n ní Guayaquil, ó jọ pé àwọn tí eku kó àìsàn ràn wà níbẹ̀, torí pé kòkòrò tó rí yẹn, ti àìsàn Weil ni. Ojú pípọ́n ló tẹ̀ lé, bí àwa náà ti tẹ̀ lé e nínú orúkọ tí a sọ ọ́.

Àwọn ará Rockefeller gbà nígbà náà pé Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni orísun ibà yìí, pé bí wọ́n bá lè gbá a níbẹ̀, yóò tán láyé. Ní 1920 wọ́n rán àwọn ènìyàn wá. William Gorgas, ẹni tó lé ẹ̀fọn kúrò ní Havana àti Panama, ni olórí wọn, àmọ́ Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni ikú ti pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn tó kù dé Èkó, wọn ò rí nǹkan gidi kan mú, wọ́n sì padà. Ní 1925 ni wọ́n tó wá jókòó tì í ní Yábàá, Henry Beeuwkes sì ni ọ̀gá wọn. Wọ́n ń wá kòkòrò Noguchi lára aláìsàn kan sí òmíràn, ní Nàìjíríà àti ní Gold Coast tó di Ghana lónìí. Wọn ò rí i. Ìṣòro mìíràn tún ni pé wọn ò ní ẹranko tí wọ́n lè fi dán an wò. Eku ò ṣàìsàn. Ọ̀bọ ilẹ̀ wa náà ò ṣàìsàn, torí pé òun àti fáírọ́ọ̀sì náà ti jọ ń gbé inú igbó tipẹ́. Ní 1927 ni wọ́n rí ọ̀bọ rhesus, irú èyí tó wà nílẹ̀ India, tí ara rẹ̀ kò mọ àìsàn náà rí láti ayébáyé.

Ọdún náà gan-an ni Adrian Stokes padà sí Èkó. Ọmọ Ireland ni, ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ó wà lára àwọn tó wá ní 1920, nítorí náà Èkó kì í ṣe àjèjì sí i. Ohun tó mú kí wíwá rẹ̀ ṣe pàtàkì ni èyí: nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, lójú ogun ní Flanders, níbi tí àwọn ọmọ ogun ń sùn pẹ̀lú eku nínú kòtò, Stokes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe ìwádìí àìsàn Weil láàárín àwọn ọmọ ogun Bìrìtìkó. Ó mọ àìsàn eku yìí bí ẹni mọ owó. Bí kòkòrò Noguchi bá wà ní Yábàá, kò sí bí Stokes kò ṣe ní dá a mọ̀.

Ní ọjọ́ 30 Oṣù Kẹfà, 1927, ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Kpeve, ní Gold Coast, dókítà Rockefeller kan, Alexander Mahaffy, gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin ẹni ọdún 28 kan tí ibà ń ṣe. Ibà rẹ̀ kò le. Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un: Asibi. Wọ́n gún ẹ̀jẹ̀ náà sára ọ̀bọ rhesus. Asibi gbádùn. Ọ̀bọ kú. Nígbà tí wọ́n la inú ọ̀bọ náà, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ bí ẹ̀dọ̀ ẹni tí ibà pọ́njú pa. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀bọ mìíràn, ìyẹn náà kú. Nígbà tí yóò fi di pé wọ́n ń gba ti ọ̀kan fún èkejì ní Yábàá, wọ́n ti ní ohun tí ẹnikẹ́ni láyé kò ní rí: ibà pọ́njú tó wà láàyè nínú ilé àyẹ̀wò, tí wọ́n lè bi ní ìbéèrè.

Ìbéèrè náà sì ni Stokes, pẹ̀lú àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Johannes Bauer àti Paul Hudson, ń bi í lọ́kọ̀ọ̀kan. Ǹjẹ́ ó ń gba inú asẹ́ kọjá? Ó ń gbà á. Ǹjẹ́ Leptospira wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà? Kò sí. Wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn mu ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ tó ń ṣàìsàn, wọ́n dúró fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n wá jẹ́ kí ó jẹ ọ̀bọ tó lera. Ìjẹ ẹ̀fọn ẹyọ kan tó láti pa ọ̀bọ. Ẹ̀fọn tó bá sì ti kó fáírọ́ọ̀sì náà, títí ọjọ́ ikú rẹ̀ ló ń gbé e kiri. Wọ́n rí ọ̀kan tó lò ju oṣù mẹ́ta lọ tí oró rẹ̀ kò dín. Ẹ fojú inú wo ìyẹn: ẹ̀fọn kan ṣoṣo nínú àmù ilé kan, odindi oṣù mẹ́ta.

Ohun kan wà tí wọn ò tíì mọ̀ nígbà náà, tí Bauer àti Hudson wá fi ìwádìí hàn lẹ́yìn náà: fáírọ́ọ̀sì yìí lè gba awọ ara tí kò ní ojú ọgbẹ́ wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ tó bá ta síni lọ́wọ́ ti tó. Stokes ṣàìsàn ní àárín Oṣù Kẹsàn-án. Ó mọ ohun tó ń ṣe òun. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun fún ọ̀bọ, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ òun, bí òun bá sì kú, kí wọ́n la òkú òun wò. Ọjọ́ 19 Oṣù Kẹsàn-án, 1927, ló kú ní Èkó, ẹni ogójì ọdún. Wọ́n ṣe gbogbo ohun tó ní kí wọ́n ṣe. Ọ̀bọ tí wọ́n gún ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kú, ọ̀bọ tí àwọn ẹ̀fọn tó jẹ ẹ́ jẹ náà kú. Nígbà tí àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní 1928, orúkọ òkú ló ṣáájú àwọn orúkọ mẹ́ta tó wà lórí rẹ̀.

Noguchi gbọ́. Ó gbéra láti New York, ó dé Accra ní Oṣù Kọkànlá 1927, ó kọ̀ láti bá àwọn ará Yábàá ṣiṣẹ́ pọ̀, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i. William Young, olórí ilé ìwádìí ìjọba ní Accra, fún un láyè. Ó ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀, òru àti ọ̀sán, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀bọ. Ní Oṣù Karùn-ún 1928 ó wá sí Èkó, ó padà sí Accra pẹ̀lú àìsàn, ó sì kú ní ọjọ́ 21 oṣù náà. Young ló la òkú rẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ikú Noguchi, ibà pọ́njú pa Young náà. Ní Yábàá, ní 1930, ó tún pa Theodore Hayne, onímọ̀ nípa kòkòrò tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí ẹ̀fọn. Lẹ́yìn ìgbà náà, láti 2004 títí di 2024, àwòrán Noguchi wà lórí owó yen 1,000 ilẹ̀ Japan. N kò rò pé ó burú. Ẹni tó ṣìnà tó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibi tí ọ̀nà ti ṣì, kò wọ́pọ̀.

Ẹ ò ní ṣàìbéèrè pé kí ni gbogbo èyí ṣe fún ará Èkó tó ń pọnmi sínú àmù. Nígbà yẹn, ohun tó rí ni wolé-wolé. Wolé-wolé á dé láàárọ̀, á ṣí ìdérí ìkòkò, á yẹjú wo inú àmù, bó bá rí tanwíjí tó ń jó nínú omi, ẹjọ́ dé nìyẹn, owó ìtanràn dé. Àwọn ènìyàn kórìíra rẹ̀, wọ́n ń da omi nù kó tó wọlé, àwọn ọmọdé ń sáré lọ sọ fún ilé kejì pé ó ń bọ̀. Mo gbà pé òótọ́ ni wolé-wolé ń sọ nípa àmù. Inú rẹ̀ gan-an ni ẹ̀fọn ibà pọ́njú ń dàgbà sí. Àmọ́ ìjọba tó rán an kò rán omi ẹ̀rọ tẹ̀lé e dé gbogbo àdúgbò, ẹni tí kò ní ẹ̀rọ kò sì lè ṣe kó má tọ́jú omi. Gómìnà kan ti wà ní Èkó, William MacGregor, láti 1899 sí 1904, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà. Ó la ọ̀nà omi tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dòní, ó ń pín kínínì, ó sì kọ̀ nígbà tí àwọn kan ní kí wọ́n ya ibùgbé òyìnbó sọ́tọ̀ kúrò lára ti dúdú nítorí ẹ̀fọn. Àwọn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀.

Bí àmù nìkan bá sì ni, à bá ti borí. Bauer ti fi hàn ní Yábàá ní 1928 pé ẹ̀fọn mìíràn yàtọ̀ sí Aedes aegypti lè gbé fáírọ́ọ̀sì yìí. Ní 1932, ní Espírito Santo nílẹ̀ Brazil, Fred Soper àti àwọn ènìyàn rẹ̀ rí ibà pọ́njú níbi tí Aedes aegypti kò sí rárá. Inú igbó ló ń gbé, lára ọ̀bọ àti ẹ̀fọn orí igi. Àlá Rockefeller pé wọn yóò gbá a tán láyé wá sópin síbẹ̀. Ta ló fẹ́ lọ da omi ihò igi nù nínú gbogbo igbó Áfíríkà àti Brazil? Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló kù.

Ẹ̀jẹ̀ Asibi ni abẹ́rẹ́ náà ti jáde. Max Theiler, tí wọ́n bí sí Pretoria ní 1899, ti wà lára àwọn tó fi hàn ní 1926 pé kòkòrò Noguchi àti ti àìsàn Weil kò yàtọ̀. Ó ti kó ibà pọ́njú lẹ́nu iṣẹ́ ní 1929, ó sì yè é. Ní ilé ìwádìí Rockefeller ní New York, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú fáírọ́ọ̀sì Asibi, wọ́n ń gbìn ín sínú ọlẹ̀ ẹlírí, lẹ́yìn náà ọlẹ̀ adìyẹ, lẹ́yìn náà ọlẹ̀ adìyẹ tí wọ́n ti yọ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ń gbé e láti inú ìgò kan sí òmíràn, ó ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ. Láàárín ìgbà kọkàndínláàádọ́rùn-ún àti ìgbà kẹrìnléláàádọ́fà, fáírọ́ọ̀sì náà yí padà. Kò pa ọ̀bọ mọ́, àmọ́ ọ̀bọ tí wọ́n gún un fún kò tún lè kó ibà pọ́njú mọ́. Wọ́n pè é ní 17D. Ní 1937 ni wọ́n kéde rẹ̀, Brazil ló kọ́kọ́ fi fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, Theiler sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Títí di òní, gbogbo abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú tí wọ́n ń gún láyé, inú 17D yìí ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ní káàdì aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń bèèrè ní pápákọ̀ òfurufú, ọmọ-ọmọ ohun tó wà lára ọkùnrin Kpeve yẹn ló wọ ara yín.

Àwọn Faransé ní tiwọn. Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan ní Dakar ni wọ́n fi ṣe é, ọpọlọ ẹlírí ni wọ́n gbìn ín sí. Wọn ò gún un lábẹ́rẹ́. Awọ ara ni wọ́n ń fá, bí ìgbà tí wọ́n bá ń sín gbẹ́rẹ́, tí wọ́n á wá fi oògùn náà sí ojú rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di dandan ní gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, títí kan Dahomey tó di Benin lónìí, àti Togo. Ó ń mú àìsàn ọpọlọ bá àwọn ọmọdé mìíràn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi padà pa á tì. Síbẹ̀ ibà pọ́njú fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lọ́dọ̀ wọn. Ní ẹ̀gbẹ́ tiwa, níbi tí Bìrìtìkó ti ń ṣàkóso, tí ilé ìwádìí wà, tí abẹ́rẹ́ tó dára jù wà, kò sí ẹni tó gún gbogbo ìlú. Ó dìgbà tí àìsàn bá dé kí wọ́n tó gbé abẹ́rẹ́ dìde. Lẹ́yìn òmìnira náà, àwa fúnra wa kò yí i padà.

Ó dé lóòótọ́. Ní 1986, ó jà ní agbègbè Ojú nílẹ̀ Benue. Ní Oṣù Kẹrin 1987, ó bọ́ sí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀fọn inú igbó ló gbé e kiri mọ́. Aedes aegypti ni, láti inú omi tí àwọn ènìyàn tọ́jú sínú ilé. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn kú, 60 ọdún géérégé lẹ́yìn ikú Stokes, ní ìrìn wákàtí mélòó kan sí Yábàá. Ní ọdún 1987 yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ kan nílẹ̀ Amẹ́ríkà ka lẹ́tà àbùdá fáírọ́ọ̀sì Asibi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 17D. Lẹ́tà 10,862 ló wà nínú rẹ̀. Ibi 68 péré ni méjèèjì ti yàtọ̀ síra.

Ní 2004 ni Nàìjíríà tó fi abẹ́rẹ́ náà kún èyí tí gbogbo ọmọ oṣù mẹ́sàn-án gbọ́dọ̀ gbà. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2017, lẹ́yìn tí a ti ń rò pé ó ti gbàgbé wa, àyẹ̀wò fi hàn pé ó wà lára ọmọdé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódún, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Kí ọdún náà tó parí, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ń gbé páálí abẹ́rẹ́ wọ abúlé Ìgbómìnà kan dé òmíràn, wọ́n ń to àwọn àgbà àti ọmọdé sórí ìlà, wọ́n sì ń bèèrè pé kí wọ́n ṣí ìdérí àmù kí wọ́n wò.